Àfòpiná Oníìyẹ́ Ara Ògiri Kọ́ Ló Ń Lu Ẹ̀wà Yín

Admin yín ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn sọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí dátà wọn kò tó gbọ́ ọ tán, àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà Kánò nígbà náà tí nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ́ kó wọlé. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń ta oúnjẹ gbígbẹ, ìbáà má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Fọ́tò kan ló dá awuyewuye sílẹ̀ lórí group. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí wa tó ń ta ẹ̀wà níbí ní Elelenwo ló fi í síbẹ̀. Kòkòrò tín-ínrín kan ló bà sára ògiri lẹ́bàá gílóòbù, ó na apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó wá dà bí lẹ́tà T. Ẹnì kan ní àjẹ́ ni. Ẹlòmíràn ní ìyá kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nìyẹn, pé kí àǹtí tètè ra ọtapíapíá, kí wọ́n fọ́n ọn sínú àpò ẹ̀wà kó tó yé ẹyin síbẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló fi àtàǹpàkò sí ìmọ̀ràn yẹn. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ọtapíapíá yẹn bà mí lẹ́rù ju ti àjẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lára ògiri. Àfòpiná ni. Ẹ mọ àfòpiná, ìbátan labalábá tó máa ń jáde lálẹ́, èyí tó lóun ó pa fìtílà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń pa. Àfòpiná pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ìdílé tí eléyìí ti wá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Pterophoridae, oríṣi tó lé ní 1,000 ló sì wà nínú ìdílé náà káàkiri ayé. Àfòpiná oníìyẹ́ ni n ó máa pè é, torí bí apá rẹ̀ ṣe rí. Apá labalábá gbalasa ni, ó dà bí pépà. Ti eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ nínú ìdílé yìí, apá iwájú là sí méjì, apá ẹ̀yìn là sí mẹ́ta, irun wẹ́wẹ́ sì wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìyẹ́ adìyẹ. Nígbà tó bá bà, yóò ká gbogbo ìyẹ́ náà pọ̀, yóò wá nà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń dà bí T nìyẹn. Alángbá tàbí ẹyẹ tó bá ń kọjá lè rò pé koríko gbígbẹ ló lẹ̀ síbẹ̀. Àbò tirẹ̀ nìyẹn. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì rán an. Iná yín ló rí tó fi wá.

Kí ló ń jẹ? Èyí tó ti gúnyẹ̀ẹ́ kò ní eyín rárá. Nǹkan tín-ínrín kan tó dà bí ọ̀pá tí a fi ń fa mínírà ló wà lẹ́nu rẹ̀, omi òdòdó ló sì ń fi fà. Ẹ gbé àpò ẹ̀wà 100 kílò síwájú rẹ̀, kò lè dá ihò kan ṣoṣo sára hóró kan. Ìdin rẹ̀ ló ní ẹnu, ìyẹn ọmọ tó ń jáde látinú ẹyin kó tó di oníyẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tútù ni ìdin yẹn ń jẹ, lórí igi tàbí lórí ìtàkùn, nínú oko.

Mo máa fún yín ní àpẹẹrẹ mẹ́ta, kí ẹ lè rí i pé oko ni ilé wọn. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní Sphenarches caffer, tó wà nílẹ̀ Áfíríkà tó gbóná. Ìdin rẹ̀ máa ń jẹ ewé akèrègbè, ó sì máa ń jẹ àwọn irúgbìn tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà. Èkejì ni Exelastis atomosa, tí àwọn àgbẹ̀ Íńdíà mọ̀ dáadáa nítorí òtílí, ohun tí àwọn aládùúgbò wa láti Ẹnúgù ń pè ní fiofio. Ìdin yẹn máa ń lu pódì òtílí tútù, yóò ki orí bọ inú rẹ̀, yóò sì jẹ hóró tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù ara rẹ̀ máa ń wà níta. Ẹ rí i pé pódì tútù ló ń bá jà. Tí òtílí bá ti gbẹ tó wọ àpò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí.

Ẹ̀kẹta dùn mọ́ mi jù. Lantanophaga ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru. Igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Lantana, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ òféfèé máa ń wà pọ̀ lórí ẹ̀ka kan. Igbó yẹn gba ilẹ̀ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní erékùṣù Hawaii. Ní ọdún 1902, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Albert Koebele lọ ṣa àwọn kòkòrò tó ń jẹ igbó náà ní Mẹ́síkò, ó kó wọn ránṣẹ́ sí Hawaii kí wọ́n lọ máa jẹ ẹ́. Àfòpiná oníìyẹ́ yìí wà lára wọn, torí òdòdó àti èso Lantana ni ìdin rẹ̀ ń jẹ. Ṣé ẹ rí i? Kòkòrò tí ẹnì kan ń wá oògùn tí yóò fi pa, ẹlòmíràn ló wá a kúrò nílùú kan lọ sí òmíràn pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́. Ká tó pa kòkòrò, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó dáa, ta wá ni olè? Ta ló ń lu ẹ̀wà? Olè tó ń jẹ ẹ̀wà wa ju ẹyọ kan lọ, kálukú ló sì ní àgbègbè tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, olè inú oko. Àfòpiná ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìdílé oníìyẹ́. Maruca ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń yé ẹyin sára òdòdó ẹ̀wà àti èèhù rẹ̀. Ìdin rẹ̀ yóò fi òwú tó ń tú lẹ́nu so òdòdó àti pódì pọ̀, yóò wọnú wọn, yóò sì máa jẹ wọ́n. Bó bá ya bo oko tí wọn ò tọ́jú, ó lè gba tó ìdá 80 nínú 100 ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ kó. Nàìjíríà wa yìí ló ń gbin ẹ̀wà jù láyé, síbẹ̀ ẹ wo bí owó ẹ̀wà ṣe máa ń fò sókè nígbà mìíràn. Maruca wà lára ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá nìkan fà á.

Nítorí Maruca ni àwọn olùwádìí ní Institute for Agricultural Research ní Zaria, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, ṣe mú irúgbìn ẹ̀wà kan jáde tó ń jẹ́ SAMPEA 20-T. Ìjọba fọwọ́ sí i ní ọdún 2019, ó sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 2021. Àbùdá kan tí wọ́n mú lára kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, tí ìdin Maruca bá jẹ ẹ́, yóò kú. Ohun tó kan àwa ọlọ́jà níbẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá sọ fún yín ní Dáwánau tàbí níbòmíràn pé ẹ̀wà tuntun yìí kì í ní kòkòrò, ẹ rántí pé ti oko ni wọ́n ṣe é fún. Kòkòrò inú àpò kò bẹ̀rù rẹ̀.

Èkejì, olè inú àpò. Eléyìí kì í tilẹ̀ ṣe àfòpiná. Kòkòrò kékeré ẹlẹ́yìn líle ni, àwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú àmì dúdú dúdú ló wà lára rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń rìn lórí ẹ̀wà nígbà tí a bá tú àpò. Callosobruchus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Láti oko ni díẹ̀ nínú wọn ti máa ń bá ẹ̀wà wọlé, kí àgbẹ̀ tó kórè rẹ̀ tán. Abo rẹ̀ yóò lẹ ẹyin mọ́ ara hóró ẹ̀wà, ẹyin náà yóò dà bí ẹ̀kán funfun tín-ín-tín. Nígbà tí ẹyin bá pa, ìdin kì í jáde síta rárá. Abẹ́ ẹyin náà gan-an ló ti máa lu hóró wọlé. Inú ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà. Lẹ́yìn bí oṣù kan, yóò gé fèrèsé róbótó kan, yóò jáde. Ihò róbótó tí ẹ̀ ń rí yẹn, ọ̀nà àbájáde ni. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí ihò, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti jẹun yó, ó ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Abo kan lè yé tó 100 ẹyin. Ẹ jẹ́ ká fi àánú ṣe é, ká ní 50 péré ló yè, kí ìdajì wọn sì jẹ́ abo. Oṣù kan, 50. Abo 25 tó wà nínú wọn náà yóò bí 50, 50. Oṣù kejì, 1,250. Oṣù kẹta, ó ti lé ní 31,000. Láti ara ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn o! Ìdí nìyí tí àpò tó dá wa lójú lóṣù January fi máa ń di ìyẹ̀fun ní April, tí a ó wá máa sọ pé aráyé ló ṣe wá.

Ẹ̀kẹta, olè ilé ìkẹ́rù. Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò sí àfòpiná kankan tó ń bá ọjà jẹ́ nínú ìsọ̀. Ó wà. Oríṣi kan wà tó fẹ́ràn ìrẹsì, ìyẹ̀fun, ẹ̀pà àti kòkó. Àmọ́ ẹ lè fojú dá a mọ̀: kì í na apá bí T. Ṣe ló máa ń pa apá dé ẹ̀yìn bí òrùlé. Ìdin rẹ̀ máa ń ta òwú bí aláǹtakùn, yóò so ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun pọ̀ gúlúgúlú. Bí ẹ bá rí gúlúgúlú olówùú nínú ìrẹsì, ẹ wá àfòpiná olórùlé. Bí ẹ bá rí ihò róbótó lára ẹ̀wà, ẹ wá kòkòrò ẹlẹ́yìn líle. Bí ẹ bá rí T lára ògiri, ẹ fi ìgbálẹ̀ lé e jáde, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ọtapíapíá. Èyí tí àwa mọ̀ jù, tó wà nínú Sniper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, dichlorvos ni. Oògùn yìí ń pa kòkòrò nípa bíba iṣan ara rẹ̀ jẹ́. Èèyàn náà ní iṣan. Ẹni tó bá wọ̀ lára lè máa làágùn, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí ó máa bì, kí èémí rẹ̀ má dọ́gba, ó sì lè kú. Kò sí ẹni tó ṣe é fún oúnjẹ. Yàtọ̀ sí ewu rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹ rà á fún tán. Àwọn tó ń rìn lórí ẹ̀wà ló máa ń pa. Àwọn ìdin tó ti wà nínú hóró, ilé wọn ló bò wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n á jáde, olúwa rẹ̀ á tún fọ́n òmíràn. Kòkòrò ò tán, májèlé ń gorí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dójú ti orílẹ̀-èdè wa rí. Ní June 2015, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n fàyè gbà ni pé kí dichlorvos má ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Nínú ẹ̀wà tiwa, wọ́n rí láti 0.03 títí dé 4.6. Wọ́n kọ́kọ́ pe òfin náà ní ti ọdún kan, ní 2016 wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún un. Ní ọdún 2019, NAFDAC náà fòfin de títa ike kékeré 100 mílílítà tí gbogbo èèyàn ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ rò ó wò: ẹ̀wà tí wọ́n lé padà pé kò yẹ fún ọmọ àwọn ní Lọ́ńdọ́nù, irú rẹ̀ ni ẹlòmíràn fẹ́ bù fún ọmọ oníbàárà ní Elelenwo.

Ẹ sì tún kíyè sí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń jù sáàárín àpò. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni, nínú ilé ìkẹ́rù tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sùn sínú ìsọ̀, àwọn mìíràn ní ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn lórí àpò. Ẹ dákun, ẹ dákun, kó má wọ ibẹ̀.

Kí la ó wá ṣe? Kò le.

Níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín àpò, ẹ má bù ú lókè. Ẹ wá ẹ̀kán funfun lára hóró, kì í ṣe ihò nìkan. Ihò ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀kán funfun ń sọ ohun tó ń bọ̀. Bí ẹ̀kán bá pọ̀, ẹ dín owó rẹ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ó bá délé, ẹ rí i pé ó gbẹ. Ẹ mọ òjò Port Harcourt, kì í gba ìyọ̀ǹda kó tó rọ̀. Ẹ fi eyín wò ó: tó bá ró kó, ó gbẹ, tó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, ẹ sá a sórí tapólì ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Oògùn tó dára jù nìyí, kò sì ní kẹ́míkà kankan. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù, níbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀wà gan-an. Ọ̀rá líle méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò lásán sì wà níta. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ dì í pinpin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì, ẹ wá di ti ìta. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù títí yóò fi tán, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè bímọ mọ́, yóò kú. Ẹ má tú u kí oṣù méjì tó pé. Ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ tútù, ẹ má jẹ́ kí eku ráyè dé ibẹ̀, torí ihò kan ṣoṣo ti bà á jẹ́.

Bí ọjà yín bá kéré, kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ kún un dé ọrùn kí àyè afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ kù, kí ẹ dé e pa. Kí kẹ́ẹ̀gì náà má jẹ́ èyí tí wọ́n fi gbé kẹ́míkà rí o. Ẹ̀wà tuntun kò gbọ́dọ̀ sùn ti ti àtijọ́. Eruku ẹ̀wà tó wà láàárín pákó ilẹ̀, ẹ gbá a jáde, torí ibẹ̀ ni olè ń sá pamọ́ sí. Èyí tí kòkòrò ti lu, ẹ kù ú, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ sọ fún oníbàárà bó ṣe rí, kí ẹ tà á ní iye tó yẹ ẹ́.

Ẹnì kan máa ní àpò PICS wọ́n ju àpò lásán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ẹ lè lò ó bí kò bá ti lu. Ẹ sì fi wé èyí: bí kòkòrò bá jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá àpò 100 kílò, kílò mẹ́wàá ti di eruku, ìyókù oníhò yẹn náà ò sì ní mú owó tó yẹ wá mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn nìyí. Àlejò ni wá ní ilẹ̀ Ìkwéré. Wọ́n gbà wá, a ń jẹ, a ń mu, àwọn ọmọ wa ń lọ sílé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọmọ wọn. Bí ẹ̀wà ìsọ̀ kan bá dá ọmọ oníbàárà dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó máa wádìí ìsọ̀ tó ti wá. Wọ́n á ní àwọn Yorùbá ọlọ́ja ni. Ẹnu ọ̀nà gbogbo wa ni ìtìjú yẹn máa dé, títí kan ẹni tó ń ta bàtà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di mímọ̀ pé ẹ̀wà wa mọ́, láti Oil Mill títí dé Mile 1 ni wọ́n á ti máa wá wa wá.

Ẹni tó bá ti ń lo àpò PICS tàbí kẹ́ẹ̀gì, kó sọ ìrírí rẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá rí kòkòrò tí kò mọ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ kó tó ra nǹkan kan. Ẹ gbé e sórí group o, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí gbogbo wa lè jọ kọ́ ọ.